Àwẹ̀ró àti Egungun Inú Igi Àràbà

Ní ayé àtijọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí gbogbo abúlé wa yìí kò ju ilé méje lọ, tí èèyàn lè dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé àkọ́kọ́ kí ó máa bá ará ilé ìkẹyìn ṣàwàdà, ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró ìyá ńlá wa ń gbé. Ẹ sún mọ́ mi. Ìwọ Ìdòwú, kúrò lẹ́nu ọ̀nà, o ń dí atẹ́gùn mi.

Àwẹ̀ró kì í ṣe ọmọ ọba o. Opó ni. Ọkọ rẹ̀ kú, ó fi ọmọ méjì sílẹ̀ fún un: ọ̀kan ń rìn nílẹ̀, ọ̀kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ohun tí ó ní kò ju oko àgbàdo kan àti àká tí ó ń kó àgbàdo náà pamọ́ sí. Bí àká bá kún, wọ́n jẹun. Bí àká bá ṣófo, ẹ̀yin náà mọ ìyókù.

Igi àràbà ńlá kan wà lẹ́yìn abúlé nígbà náà, inú rẹ̀ ti di ihò, òwìwí ló sì kún inú ihò ọ̀hún. Àwọn èèyàn wa ní ẹyẹ àjẹ́ ni. Ní ọdún kan, òwìwí ké títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí ilẹ̀ ti mọ́, ọmọ ọmọ Baálẹ̀ Akínlàjà, ọmọkùnrin kan tí kò tíì ju ọdún mẹ́ta lọ, kú nínú ibà. Ta ni yóò tún máa wá ẹ̀rí kiri? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bí wọ́n ṣe gbé àáké nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gé àràbà náà. Wọ́n fín ihò rẹ̀ léèéfín, wọ́n ń fi kùmọ̀ lu gbogbo ẹyẹ tó bá jáde. N kò ní purọ́ fún yín nítorí pé ìyá wa ni: Àwẹ̀ró wà lára wọn. Òun ló gbé iná wá. Nígbà tí igi wó, Àwẹ̀ró jó ijó ayọ̀, ó sì sùn dáadáa lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ ṣẹ́ igi ìdáná lára àràbà náà, ó sì rí egungun nínú ihò rẹ̀. Egungun wẹ́wẹ́ ni, ó tó agbọ̀n kan. Àyà rẹ̀ já. Ó mú ọ̀kan, ó wò ó: agbárí eku. Ó mú òmíràn: eku. Ó mú tó ogún: eku, ẹmọ́, eku, asín, eku. Lẹ́yìn egungun náà ni ọmọ òwìwí méjì sá pamọ́ sí, wọ́n funfun bí òwú, wọ́n ń mí fìn-ìn sí i tìbínútìbínú. Àwẹ̀ró ń wò wọ́n, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń mí sí i lọ́rùn.

"Mo ti bá wọn pa ìyá yín," ló wí. Àánú wọn ṣe é. Ó fi aṣọ wé wọn, ó gbé wọn lọ sínú àká rẹ̀, ó kó wọn sínú ìkòkò fífọ́ lókè, ó sì dá ihò sí òrùlé. Eku tó bá kó sí tàkúté rẹ̀ ló fi ń bọ́ wọn títí wọ́n fi lè fò. Egungun ńkọ́? Ó gbé ìyẹn náà lọ sílé. Obìnrin tó ń ro ọ̀la ni.

Kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó rọ̀, eku dé. Ológbò lọ, ilé dilé èkúté ni ẹ̀yin mọ̀. Ẹ kò mọ̀ pé igbó náà ní ológbò tirẹ̀. Eku jẹ àgbàdo lóko, ó jẹ ẹ́ nínú àká, ó jẹ irúgbìn. Bàbá àgbà kan wà níbẹ̀ tí eku ń jẹ gìgísẹ̀ rẹ̀ lójú oorun, ó ń jẹ ẹ́, ó ń fẹ́ ẹ, bàbá rò pé ìyá àgbà ìyàwó òun ló ń bá òun ṣeré. Ẹ rẹ́rìn-ín tó, kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Lẹ́yìn eku ni ejò dé. Kò sẹ́ni tó pè é. Oúnjẹ rẹ̀ ló wọlé, òun náà sì tẹ̀ lé e: paramọ́lẹ̀ nídìí ìkòkò omi, ṣèbé lábẹ́ ẹní. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí di ẹrù, wọ́n fẹ́ fi abúlé sílẹ̀.

Àká kan ṣoṣo ló ṣì kún, ẹ sì mọ ẹni tó ni ín. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo wọn ya bò ó. Ṣàngódèyí, àbúrò ọkọ rẹ̀, gun àká lọ wò ó, ó figbe ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́.

"Òwìwí! Òwìwí méjì ló ń sìn! Òun gan-an ni àjẹ́ tí à ń wá!"

Wọ́n ní kí ó kúrò ní abúlé kí oòrùn tó kan àtàrí, kí ó fi àwọn ọmọ méjèèjì sílẹ̀ fún ìdílé ọkọ. Ẹ̀rù ba Àwẹ̀ró. Kì í ṣe igbó ló ń bà á lẹ́rù, àwọn ọmọ yẹn ni. Ó kúnlẹ̀ níwájú Baálẹ̀.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi."

"Ọ̀rọ̀ wo ló kù?" Ṣàngódèyí gbaná jẹ.

Baálẹ̀ gbọ́wọ́ sókè. "Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Sọ ọ́, ìyàwó."

Àwẹ̀ró tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó da egungun sórí rẹ̀, èyí tó kó nínú àràbà àti èyí tó gbá nínú àká. "Baba, ohun tí àwọn ẹyẹ yìí jẹ nìyí, àti èyí tí wọ́n jẹ kí igi tó wó, àti èyí tí wọ́n jẹ lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹ ṣà á wò. Bí ẹ bá rí egungun ọmọ ènìyàn níbẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, màá lọ, n kò ní wẹ̀yìn."

Kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àgbàlagbà náà ń ṣà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ọmọ ọmọ rẹ̀ níbẹ̀. Eku. Eku. Ẹmọ́. Ó rí egungun òròmọdìẹ kan. Àwẹ̀ró ní, "Tèmi nìyẹn, Baba, mo ti fi jì wọ́n." Oòrùn kan àtàrí, ó ṣì ń ṣà. Nígbà tí ó mú èyí tó kẹ́yìn, tí ó rí i pé eku ni, ó ká ọwọ́ lérí, ó bú sẹ́kún.

"Kì í ṣe àwọn," ló wí. "Ibà ló pa ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́."

Ṣé ẹ rí i, láti ọjọ́ tí ọmọ yẹn ti kú, bàbá náà kò tíì rí oorun sùn. Ohun tó ń rò ṣáá ni pé ẹnìkan jókòó síbì kan, ó ń jẹ ẹran ara ọmọ òun. Ọkàn rẹ̀ wá balẹ̀ wàyí. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń súre fún Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró fa àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó mí kanlẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Baálẹ̀ gun òrùlé àká tirẹ̀, ó dá ihò sí i. Àwọn yòókù ṣe bẹ́ẹ̀, títí kan Ṣàngódèyí. Òwìwí láti inú igbó wá bá méjèèjì, wọ́n sì ń bí sí i. Eku kò tán o. Eku kì í tán. Bó bá tán, kí ni òwìwí yóò jẹ? Ṣùgbọ́n ó dín kù, ejò sì wá oúnjẹ rẹ̀ lọ sínú igbó. Nígbà tí àgbàdo ọdún náà gbó, wọ́n tú ẹrù tí wọ́n ti dì, wọn kò sì dì í mọ́.

Ìdí nìyẹn tí ọmọ ilé yìí kì í fi í kọ́ àká láìdá ihò sí òrùlé rẹ̀. Káfíńtà tó bá mi kan páànù lọ́dún tó kọjá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní òjò yóò wọlé. Mo ní kó máa wọlé. Bí òwìwí bá sì ké, tí àwọn ará ilé kejì ń ṣépè fún un, àwa a kí i pé ó kú iṣẹ́, a ó yíjú sí ògiri, a ó sì sùn.