Aṣọ Pupa Tí Kò Gòkè ní Efire

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka ọ̀rọ̀ yìí, mo kí yín o. Ọdún mẹ́sàn-án ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti wà níkùn mi. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi títí ó fi kú. Mi ò sọ ọ́ fún àlùfáà ìjọ wa. Ọmọ kan tí wọ́n bí níjẹta ni kò jẹ́ kí n lè gbé e mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Àgbà ni mí, mi ò lè yára sọ ọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí. Ní yunifásítì tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wọn òjò. Láràárọ̀ ni mo máa ń lọ sídìí ife irin tí òjò ń rọ̀ sí, màá wo bí ó ti pọ̀ tó, màá kọ ọ́ sínú ìwé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà á sí iṣẹ́. Ìyàwó mi pàápàá máa ń bi mí pé, "Bàbá Àdùkẹ́, òjò àná ńkọ́? Ṣé ó yege?" Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, àwa márùn-ún tí ọ̀rọ̀ ojú ọ̀run ń dùn mọ́ da ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀ lórí fóònù. Àwọn kọ̀ńpútà ńlá wà lókè òkun tí wọ́n máa ń ṣírò afẹ́fẹ́ àti òjò tí yóò wà lọ́la, lọ́tùn-únla, títí dé bí ọjọ́ mẹ́wàá. Wọn a ya á sí àwòrán, ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù lè wò ó. Méjì ni àwa gbára lé. À ń pe ọ̀kan ní ti Amẹ́ríkà, à ń pe èkejì ní ti Yúróòpù.

Ohun tó ń pa wá bí ọtí ni ìjì ńlá ojú òkun. Nígbà mìíràn, òjò alágbára tó gba orí ilẹ̀ wa níhìn-ín kọjá, tó bá ti wọ òkun ní ìwọ̀ oòrùn, a máa di ìjì tí ń wó ilé lódìkejì omi. À ń tọpa rẹ̀ bí ẹni tí ń tọpa ọmọ àdúgbò tó lọ di ẹni ńlá ní ìdálẹ̀. A ó máa jiyàn: ṣé yóò di ìjì, ṣé kò ní í dì í? Tíṣà kan wà láàárín wa tó ń gbé ní Mámù, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ti Amẹ́ríkà ni òun gbà gbọ́. Èmi, ti Yúróòpù ni. Bàbá Yúróòpù ni ó máa ń pè mí.

Níbi ìsìnkú ìbátan mi kan ní Efire, ìlú kan létí ọ̀sà, ni mo ti pàdé Bàbá Rẹ̀mí. Apẹja ni, lórí ọ̀sà. Mo fi àwọn àwòrán wa hàn án nínú fóònù. Ó wò ó títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìjì tó fẹ́ lọ jà nílé òyìnbó lẹ̀ ń ṣọ́. Tiwa tó ń dojú ọkọ̀ dé níbí ńkọ́? Ẹja tí mo fẹ́ pa lọ́la kò sí ní Amẹ́ríkà o." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, mo sì gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́.

Báyìí ni a ṣe fi àdéhùn sí i. Ẹnìkọ̀ọ̀kan wa yóò máa gba ọ̀sẹ̀ tirẹ̀. Ẹni tó bá kàn yóò wo kọ̀ńpútà méjèèjì ní ìdájí. Bí méjèèjì bá fẹnu kò pé ìjì ń bọ̀ lórí ọ̀sà, yóò pe Bàbá Rẹ̀mí. Bàbá Rẹ̀mí yóò fa aṣọ pupa sókè lórí ọparun kan tó rì mọ́lẹ̀ létí omi. Bí àwọn apẹja bá ti rí aṣọ pupa, wọn ò ní í wọkọ̀. Bí wọn ò bá rí i, wọ́n á lọ. Odindi ọdún méjì ni a fi ṣe é, ọkọ̀ kankan kò sì dojú dé.

Àsìkò òjò àrọ̀kúrò ni ọjọ́ náà bọ́ sí. Èmi ni ọ̀sẹ̀ kàn.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fi èyí ṣe àwáwí. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí èmi àti Tíṣà Mámù ti ń jà lórí òjò kan tó ti kọjá lọ sínú òkun. Mo ní yóò di ìjì ńlá kí ọjọ́ mẹ́jọ tó pé. Ó ní irọ́ ni. Bí mo ṣe jí ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ohun tí mo kọ́kọ́ rí nínú fóònù ni ọ̀rọ̀ rẹ̀: "Bàbá Yúróòpù, ẹ kú ìdárò. Ìjì yín ti kú sínú kọ̀ńpútà." Inú bí mi. Mo jókòó, mo ń wá àwòrán tí màá fi pa á lẹ́nu mọ́. Ojú òkun tó jìnnà sí wa ni mo ń wò. Mi ò tíì wo Efire rárá.

Fóònù dún. Bàbá Rẹ̀mí ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò pè. Ṣé kí n fa aṣọ?"

Mo ní, "Rárá o. Ojú ọ̀run mọ́. Ẹ máa lọ."

"Ẹ ti wò ó?"

"Mo ti wò ó."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa. Ẹnu yín ni mo fi ń tukọ̀ o." Ó pa fóònù rẹ̀. Mo padà sídìí iyàn mi.

Ẹyin ni ohùn. Èyí tí mo sọ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mi ò rí i ṣà mọ́ títí di òní.

Oòrùn kò tíì kàn tàrí nígbà tí ọ̀run ṣú láti ìlà oòrùn. Atẹ́gùn gbé páànù ilé ìdáná wa lọ. Nígbà náà ni mo tó ṣí Efire wò. Kọ̀ńpútà méjèèjì ti fẹnu kò láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Àwòrán náà pọ́n yòò lórí ọ̀sà bí ẹ̀jẹ̀. Ọmọdé tó bá ṣí i yóò rí i. Mo pe Bàbá Rẹ̀mí, kò lọ. Mo tún pè é, kò lọ.

Ọkọ̀ mẹ́ta ló dojú dé. Àwọn tó wà nínú méjì dì mọ́ igi ọkọ̀ títí omi fi gbé wọn dé ẹ̀bá. Bàbá Rẹ̀mí nìkan ni kò dé. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí i. Fóònù rẹ̀ bá omi lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ó parí sí, bóyá ǹ bá ti bẹ Ọlọ́run, ǹ bá sì ti bẹ ènìyàn. Ìwà tí mo hù lẹ́yìn náà ló burú jù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni Tíṣà Mámù kọ ọ́ sójú ẹgbẹ́ pé, "Bàbá, ṣé ẹ pè wọ́n ní Efire?" Gbogbo wọn ń dúró. Ojú tì mí. Ẹ̀rù bà mí. Mo kọ ọ́ pé: "Mo pè é. Mo kìlọ̀ fún un. Ó ní òun fẹ́ yára lọ kó àwọ̀n òun."

Irọ́ ni. Òun ló pè mí.

Mo rò pé nínú ẹgbẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà yóò dúró sí. Kò dúró. Kí wọ́n tó rí òkú rẹ̀, gbogbo Efire ti gbọ́ pé wọ́n kìlọ̀ fún Bàbá Rẹ̀mí, ó gbé ìkìlọ̀ pamọ́, kò fa aṣọ pupa sókè. Àwọn tí ọkọ̀ wọn fọ́ kò wá síbi ìsìnkú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn dúró lójú ọ̀nà, ó ń pariwo pé, "Bó bá fẹ́ kú, kò lè dá kú ni?" Etí mi gbọ́ ọ. Mo wà níbẹ̀, mo wọ aṣọ dúdú, mo sì dákẹ́.

Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń fi orúkọ rẹ̀ bú ọmọ tí kò gbọ́ràn. "Olórí kunkun bíi Bàbá Rẹ̀mí." Ọkùnrin tó jẹ́ pé kò wọkọ̀ rí láìkọ́kọ́ bi wá léèrè.

Ìjì ojú òkun tí mo tìtorí rẹ̀ ń jiyàn, kò tilẹ̀ ṣẹ̀. Ó túká. Tíṣà Mámù ló jàre.

Mo lọ sí Efire lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Mo ní màá jẹ́wọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Kí n tó la ẹnu, ó ti kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ ṣe tiyín. Ẹni tí kì í gbọ́ lẹ kìlọ̀ fún." Ó bu omi fún mi. Mo mu omi náà, mo sì padà sílé.

Mo bá Rẹ̀mí, ọmọ rẹ̀, wáṣẹ́ sọ́dọ̀ àwọn onígẹdú tí ń la igi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, nítorí ó ní òun kò fẹ́ rí omi mọ́. Bàbá ni ó ń pè mí. Ọmọbìnrin mẹ́ta ni ìyàwó Rẹ̀mí kọ́kọ́ bí. Níjẹta, Rẹ̀mí sáré wọlé tọ̀ mí wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, ọkùnrin ni!"

Kí n tó mọ ohun tí mò ń sọ, mo ti ní, "Babátúndé dé o!"

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó dìde nílẹ̀, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. Ó ní, "Rárá, Bàbá. A ò ní í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Màmá wa ní kí ó má tún dé. Ẹni tó gbọ́ ìkìlọ̀ tó fi pamọ́ fún ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ló fẹ́ tún wá ṣe?" Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Orúkọ yín la fẹ́ sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ ṣe bàbá fún mi. Efire la ti máa ṣe é, ẹ̀yin lẹ sì máa gbé ọmọ lọ́wọ́."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ gbọ́. Ọkùnrin kan kú nítorí ó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Mo gba orúkọ rere rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó kú. Ní báyìí, ipò rẹ̀ lára ọmọ-ọmọ rẹ̀ gan-an ni wọ́n tún fẹ́ gbé fún mi.

Mi ò bi yín bóyá kí n sọ ọ́. Mo mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ohun tí mò ń béèrè ni ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bá Ìyá Rẹ̀mí ní yàrá, kí ojú má tì í láwùjọ? Àbí etí omi ni kí n dúró sí, níwájú àwọn tí ọkọ̀ wọn fọ́, nítorí ojútáyé ni wọ́n ti ń bú u? Bí mo bá sọ ọ́ ṣáájú ìsọmọlórúkọ, mo ba ayọ̀ wọn jẹ́. Bí mo bá dúró kó kọjá, ọmọ náà á ti máa jẹ́ orúkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí orí yín pé ju tèmi lọ, ẹ dá mi lóhùn. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi, ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn.

Ọjọ́ márùn-ún ló kù. Láàárọ̀ yìí mo wo kọ̀ńpútà méjèèjì, mo tún wọn wò, bí mo ti ń ṣe láti ọdún mẹ́sàn-án. Wọ́n fẹnu kò. Ìjì lè wà lórí ọ̀sà ní ọ̀sán ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Mo pe Ìyá Rẹ̀mí. Mo ní kí wọ́n tètè ṣe é láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì wọkọ̀ wá.

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó súre fún mi. Ó wá ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Àwa ò rí bí olóògbé. Bí ẹ bá ti kìlọ̀ fún wa, àwa máa ń gbọ́."