Ìjàpá Tí Mo Fi Oòrùn Dù

Eyínafẹ́ ọkọ mi, ẹ wá ibi jókòó kí ẹ tó ka ìwé yìí o, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè gbé èèyàn ṣubú, ìdí àgbà kò sì lẹ́ran tó fi ń gba ìṣubú mọ́. Ìnagijẹ tí mo fún yín lọ́jọ́ tí mo wọlé ẹ̀gbọ́n yín ni mo ṣì fi ń pè yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i mọ́. Dókítà fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ọkàn náà ti rẹ̀. Mi ò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ ilẹ̀ lọ. Kì í ṣe gílóòbù tí ẹ rà ló ba ìjàpá ẹ̀gbọ́n yín jẹ́. Èmi ni.

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe fẹ́ràn ìjàpá inú omi yẹn tó. Látìgbà tí wọ́n ti fi iṣẹ́ aago títúnṣe sílẹ̀, àràárọ̀ ni wọ́n ń gbé e kúrò nínú àpótí dígí rẹ̀ lọ sí bárándà. Wọ́n á gbé e sínú ọpọ́n, wọ́n á fi òkúta pẹrẹsẹ kan sí i kó lè gùn ún kí ara rẹ̀ gbẹ, wọ́n á sì ta aṣọ bo apá kan kó lè ríbi sá sí bí oòrùn bá mú jù. Ìjàpá á na ọrùn, á na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, ẹ̀gbọ́n yín á jókòó tì í, wọ́n á máa bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n máa ń sọ fún mi pé, "Oòrùn tó bá gba ara dígí wọlé, ìgbóná lásán ni. Àfi kó bà á lára gan-an kí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ tó le." Èmi á dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀, màá máa gbá ilẹ̀ tí kò dọ̀tí. Mo bímọ márùn-ún fún ọkùnrin yìí, Eyínafẹ́, mo tún wá ń jowú ohun tí kò ní ìdí tó lè jù! Ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí. Kò sí àárọ̀ kan tí wọ́n bi mí léèrè pé báwo lara èmi náà.

Nígbà tí egungun itan wọn kán, tí wọ́n sùn sí ọsibítù fún oṣù mẹ́ta, ẹ̀yin lẹ ra gílóòbù tó ń tàn bí oòrùn wá fún mi. Ẹ ní, "Ìyàwó wa, ẹ máa tan èyí fún un lọ́jọ́ òjò, kí ọkàn ẹ̀gbọ́n mi lè balẹ̀." Bí ẹ ṣe yíjú padà báyìí, mo gbé àpótí dígí lọ sí kọ̀rọ̀ balùwẹ̀ tó ṣókùnkùn, mo sì yọ gílóòbù. Mi ò fẹ́ pa ìjàpá náà. Mo fẹ́ kó rọ díẹ̀ ni, kí wọ́n dé kí wọ́n rí i pé kò wù wọ́n wò mọ́, kí wọ́n lè kọjú sí mi. Mò ń fún un lóúnjẹ, mò ń pa omi rẹ̀ dà. Ìkà tó ń gbé oúnjẹ fún ẹni tó ń jìyà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ti rí irú ẹ̀ rí? Bí mo bá lọ wò wọ́n lọ́sibítù, kí n tó gbé àpò sílẹ̀ ni wọ́n á ti ní, "Ṣé ó ń rí oòrùn?" Èmi á ní, "Òjò ò jẹ́, ṣùgbọ́n mò ń tan gílóòbù fún un." Irọ́ gbuu! Oòrùn ń ràn débi pé aṣọ tí mo sá ń gbẹ kí n tó sá òmíràn.

Lọ́sẹ̀ tí wọ́n máa dé, mo dá gbogbo nǹkan padà sáyè rẹ̀. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ igbá ẹ̀yìn ìjàpá náà. Ó rọ̀ bí èèpo búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Dókítà ẹranko tí wọ́n pè yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Bàbá, àìrí oòrùn ni. Bó bá jẹ́ gílóòbù lẹ gbára lé, á jẹ́ pé gílóòbù náà ò dáa." Baálé mi wò mí. Ẹnu mi yìí, tí mo fi ń jẹun, ló sọ pé, "Ayédèrú ni Eyínafẹ́ rà."

Ẹ mọ èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀ ń búra lórí fóònù pé ojúlówó ni, àwọn náà ń pariwo pé, "Ọmọ ìyá mi ló ra oòrùn ayédèrú fún mi!" Ọdún méjì gbáko lẹ ò fi bára yín sọ̀rọ̀. Wọ́n tọ́jú ìjàpá náà títí ó fi yè, igbá ẹ̀yìn rẹ̀ rí gbágungbàgun. Èmi tí mo fẹ́ kí wọ́n kọjú sí mi, ìdajì ojú tí wọ́n fi ń wò mí tẹ́lẹ̀ gan-an ni mo pàdánù.

Èyí tó burú jù nìyí. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n kú, ẹ wá. Mo yọjú níbi ihò ara ilẹ̀kùn, mo rí yín, ẹ ti ṣí fìlà, ẹ dì í mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ẹ kanlẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n yín gbórí sókè lórí ìrọ̀rí, wọ́n ní, "Ta nìyẹn?" Ẹ̀rù bà mí pé bí ẹ bá ríra, ọ̀rọ̀ gílóòbù á jáde, wọn á sì mọ irú èmi kí wọ́n tó lọ. Mo ní, "Ẹni tó ń ka mítà ni." Mi ò mí títí mo fi gbọ́ ìró bàtà yín tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹ̀gbọ́n yín gbé orí padà sórí ìrọ̀rí, wọ́n ní, "Mo ti rò pé àbúrò mi ni. Ǹ bá ní kó gbé mi jáde sí oòrùn díẹ̀." Èmi nìkan ò lè gbé wọn. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n kú, inú yàrá.

Nísinsìnyí, èmi ni mò ń gbé ìjàpá jáde láràárọ̀. Mò ń bá a sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ wọn nìkan là ń sọ. Nígbà mìíràn màá gbàgbé, màá yíjú sẹ́yìn láti pè wọ́n wá wo bó ṣe na ọrùn.

Eyínafẹ́, ẹ bú mi, mo yẹ lẹ́ni àbú. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, bó bá ṣeé ṣe, ẹ dárí jì mí, kí ẹ sì sọ ọ́ sí mi létí kí n tó lọ. Tí mo bá débi tí ẹ̀gbọ́n yín wà, ẹ̀yin ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Ẹ má jẹ́ kí n tún purọ́ fún wọn.