Ohùn Rìsí Tí Mo Ń Lò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo jù fún mi. Ọdún mẹ́rin ni mo ti fi bò ó mọ́ra. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Jímọ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n lanu, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Aláwàdà ni mí. Bí wọ́n bá ń ṣe ìgbéyàwó láti Adégbàyí dé Ìjàyè, èmi ni ọkùnrin tó ń wé gèlè, tó ń kun àtíkè, tó ń fi ohùn obìnrin kọrin. Ohùn yẹn kì í ṣe tèmi. Ohùn Rìsí ni, àbúrò Múfú ọ̀rẹ́ mi. Mo máa ń sín in jẹ, òun náà á sì máa rẹ́rìn-ín.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni Rìsí kú sílé ọkọ, ní ìlú tó jìnnà. Ìyá wọn ti fọ́jú, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Nílẹ̀ wa, wọn kì í túfọ̀ ọmọ fún arúgbó. Múfú gbé fóònù Rìsí fún mi, ó ní kí n fi ohùn ọmọ pe ìyá, lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ jọ̀ọ́, àánú ló kọ́kọ́ ṣe mí.

Àmọ́ gbogbo Jímọ̀ ni mo wá ń pè. Màmá ń sọ àṣírí fún ọmọ wọn, títí kan bí àwọn fúnra wọn ṣe sá lọ sùn sínú oko ẹ̀gẹ́ nígbà tí bàbá Rìsí gbé ìyàwó kejì wálé. Mo gbé e lọ sóde, mo fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Àwọn èrò òde rẹ́rìn-ín gan-an. Ojú ń tì mí.

Jímọ̀ tó kọjá, mo kí Màmá.

Wọ́n ní, "Rìsí ti pè mí láàárọ̀. Ó pè mí ní Màámi Kékeré, bó ṣe máa ń pè mí nígbà tí ìyá ọkọ mi wà láyé. Ó ní kí n bi ẹni tó ń pè mí ní Jímọ̀ pé ìgbà wo ló máa dá ohùn òun padà."

Mi ò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Ọwọ́ mi ni fóònù Rìsí wà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò sì sí ìpè kankan nínú rẹ̀. Màmá ò bínú o. Wọ́n ṣàdúrà fún mi bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

Múfú ní ọjọ́ ogbó ló ń ṣe Màmá. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo débi ìgbéyàwó kan ní Alákìá lọ́jọ́ kejì, mo lanu, ohùn obìnrin náà ò jáde.

Ọ̀la ni Jímọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n pè, àbí kí n lọ dọ̀bálẹ̀ kí n jẹ́wọ́, bó tiẹ̀ lè pa wọ́n? Láti ọdún mẹ́rin ni mo ti ń sá fún ilé wọn. Wọ́n ṣì ń bi Múfú pé kí ni àwọn fi ṣẹ̀ mí tí mi ò yà kí àwọn mọ́.