Túbò Tí Mo Pọ̀n Lọ sí Songon

Ìdí mi nìkan tó ẹrù fún àwọn tó máa gbé pósí mi. N kò ní gbé irin ọ̀rọ̀ yìí kún un. Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi Silifatou ìyá yín ni mo jí túbò kejì, kì í ṣe Amidou.

Lọ́dún 1979, ọkọ mi Lassissi ń tún mọ́tò ṣe ní Abobo Gare, Amidou sì ni igbákejì rẹ̀. Joachim olówó takisí sọ pé mẹkáníìkì tí mọ́tò rẹ̀ bá kọ́kọ́ dé Songon nínú eré ìje ni òun yóò máa kó gbogbo takisí òun fún láti tún ṣe. Bí a bá pàdánù, ebi ló kù. Lassissi fẹ́ fi túbò méjì sí ẹnjìnnì, irin tí èéfín ń yí kó lè fẹ́ atẹ́gùn wọlé fún agbára. Amidou ní ẹnjìnnì kékeré ni, èéfín rẹ̀ ò lè yí méjì, ọ̀kan tó. Wọ́n jiyàn títí ọbẹ̀ mi fi tutù.

Kí lèmi mọ̀ nípa ẹnjìnnì? Ohun tí mo mọ̀ ni pé Martine eléyín ẹwà ló ta túbò kejì fún ọkọ mi, ó sì ń rẹ́rìn-ín jù. Owú gùn mí. Mo fi aṣọ wé irin náà, mo pọ̀n ọ́n bí ọmọ, mo wọkọ̀ lọ sí Songon. Obìnrin tó jókòó tì mí ní, “Ìyá ọmọ, ọmọ yín mà ti ṣu, ó tún dúdú.” Ọ́ìlì ló ń ṣàn sí mi nídìí. Mo ní inú ló ń run ún. Mo détí ọ̀sà, mo tú ọmọ, mo jù ú sómi.

Èyí tó burú jù nìyí. Lassissi ní Amidou ló jí i, kí ó lè borí nínú àríyànjiyàn. Amidou búra, ó sunkún, ó kọjú sí mi: “Ìyá Issiaka, ẹ bá mi bẹ Ẹ̀gbọ́n.” Èmi ń fẹ́ná, àgbàyà.

Túbò kan ṣoṣo tó kù ni wọ́n fi sáré, a sì ti jẹ ẹja tán ní Songon kí mọ́tò kejì tó yọ. Takisí Joachim la fi tọ́ gbogbo yín. Lassissi dì mọ́ Amidou, ó pè é ní Olè Rere, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára títí dòní.

Amidou, dárí jì mí. Òtítọ́ lo fi borí ọkọ mi, kì í ṣe olè jíjà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin, bí owú bá mú yín, ọkọ yín ni kí ẹ bá jà. Ó yá, gbogbo yín, ẹ dìde, ẹ kí Ọ̀gá Amidou tó mú wa borí. Èmi ni kí ẹ kó orúkọ olè fún. Ara mi tóbi, ó máa gbà á.