Èmi Ni Mo Ba Ìwádìí Oúnjẹ Àárọ̀ Jẹ́

Ẹ̀yin òbí, ẹ jókòó dáadáa. Ohun tó wà níkùn mi ń jáde lónìí, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ bò ó. Ọ̀gá olùwádìí sọ fún yín lánàá pé oúnjẹ àárọ̀ tí à ń fún àwọn ọmọ ilé ìwé òkè kò wúlò, pé àwọn ọmọ ilé ìwé ìsàlẹ̀ tí wọn ò fún ní nǹkan kan ń ṣe dáadáa bíi ti òkè, nítorí náà, wọn ó kó ìkòkò oúnjẹ náà lọ lọ́jọ́ Ajé. Irọ́ ni. Ọ̀gá kò mọ̀ pé irọ́ ni. Èmi ni mo pa á.

Iṣẹ́ mi ni láti máa bi àwọn ọmọ ilé ìwé méjèèjì léèrè ohun tí wọ́n jẹ kí wọ́n tó kúrò nílé. Òfin wa ni pé a ò gbọdọ̀ bọ́ àwọn ti ìsàlẹ̀, ká lè fi wọ́n wé ti òkè. Mo gbà bẹ́ẹ̀, èmi ọ̀dájú, títí mo fi bi ọmọbìnrin kékeré kan tó ń jẹ ọrùn aṣọ rẹ̀. “Mo ti jẹun, mà.” Kí lo jẹ? “Mo ti gbàgbé.” Ta ló ń gbàgbé oúnjẹ àárọ̀ kí agogo ìwọlé tó lù?

Láti ìgbà náà ni alásè òkè ti ń se ẹ̀wà kún un fún mi, tí mò ń kó o pamọ́ sínú ọkọ̀ wa lọ sí ìsàlẹ̀. Awakọ̀ ní, “Àǹtí, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ wa o.” Mo ní, “Dẹ́rẹ́bà, ẹsẹ̀ lo fi ń tẹ ọkọ̀, fi ẹnu sílẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì wà á lọ.

Ká ní mo dúró síbẹ̀ ni, ẹ̀ṣẹ̀ mi ì bá kéré. Mo kó àwọn ọmọ jọ sẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo kọ́ wọn: “Ẹni tó bá bi yín, ẹ ní ilé lẹ ti jẹun.” Ọmọbìnrin yẹn ní, “Mà, ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn?” Mo ní kó jẹun. Nígbà tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ wá bi wọ́n, wọ́n wí i lójú rẹ̀ bí mo ṣe kọ́ wọn. Ọ̀gá wá rí ọmọ tó yó láti ilé, tí kò nílò ìkòkò ẹnikẹ́ni. Àánú mi ló fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu gbogbo wọn.

Kí ọ̀gá má retí pé n óò kúnlẹ̀. Ẹni tó ní kí ọmọ kan máa jẹun kí òmíràn máa wòran, kóun lè mọ èyí tí ebi ń pa, kò ní ẹ̀bẹ̀ kankan lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin ọmọ ni mo bẹ̀: irọ́ tí mo fi sí yín lẹ́nu, ẹ tu ú dànù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí, bí òfin bá ní kẹ́ ẹ máa fi ebi ọmọ ṣe ìran wò, ẹ kọ̀ ọ́ ní gbangba. Ẹ má ṣe bíi tèmi tí mo ń ṣoore bí olè. Kí wọ́n tún bi àwọn ọmọ léèrè kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìkòkò. Ẹni tó bá kánjú yóò bá mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, n kì í sì í yà fúnni.