Èmi Ni Mo Ba Sáfà Jẹ́, Kì í Ṣe Iná

Alága wa, Alhaji Wàhábì, tí ẹ ti ìsọ̀ yín ní Ìjẹ̀bú-Igbó torí tèmi, mo kí yín, sà. Dókítà Helen, ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn wa, mo kí yín, mà. Mátíròn Àsíátù, ìyá gbogbo nọ́ọ̀sì, ẹ kú ìdúró, torí mo rí i pé ẹ kọ̀ láti jókòó títí wọn yóò fi gbé ìkókóre dé. Ẹ̀yin àgbààgbà, ẹ̀yin àlejò láti Ìjẹ̀bú-Imusin àti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ̀yin tí a jọ wà nínú regbẹ́regbẹ́ kan náà, tí ẹ de fìlà bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ ń fẹ̀yìn tì, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi!

Walter lorúkọ mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo lò níbí. Nígbà tí mo dé, káàdì páálí la fi ń kọ orúkọ aláìsàn, èmi sì ni mo ń wá káàdì. Bí ẹ bá dé tí ẹ ní inú ń run yín, kí n tó rí káàdì yín, inú náà á ti fi yín sílẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ra kọ̀ǹpútà, wọ́n wo gbogbo wa yíká, wọ́n ní ta ló mọ̀ ọ́n lò. Mo ní èmi ni. Irọ́ ni! Táípù nìkan ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo kọ́ ọ o. Ẹ bi ìyàwó mi. Ìwé Linux ni mo ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo fi èèpo Bíbélì bò ó, tí àwọn ará ìjọ ń sọ pé, ẹ wò bí Bọ̀dá Walter ṣe ń fọkàn kàwé. Olúwa, dárí jì mí.

Báyìí ni mo di olùtọ́jú sáfà, ẹ̀rọ ńlá tó wà nínú yàrá tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oògùn, tó tọ́jú orúkọ àti àìsàn gbogbo ẹni tó ti gba ibí kọjá pa mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ fara dà á fún mi. Mo dúpẹ́ jù lọ́wọ́ Mardiyah, tó kàwé ní yunifásítì Ìjagun, tó ti ń bá mi ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́ta, tí yóò sì gba ipò mi láti Mọ́ńdè. Ó mọṣẹ́ jù mí lọ. Mo ti ń fẹ́ sọ ọ́ tipẹ́, agídí ni ò jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀ṣẹ̀ kan wà lọ́rùn mi. Alága, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì wo aago.

Ṣé ẹ rántí Mọ́ńdè kan báyìí, ní ọdún méjì sẹ́yìn, tí gbogbo ilé ìwòsàn yìí dúró gbagidi? Òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, àpdéètì ni mo ń ṣe. Àwọn tó ṣe sọ́fítíwíà ti tún tiwọn ṣe, èmi sì ń gba tuntun sínú ẹ̀rọ wa. Ó ń lọ dáadáa. Àfi bó ṣe dúró lójijì, tó bi mí ní ìbéèrè. Ó ní àwọn tó ni sọ́fítíwíà gbé ojú ìwé ètò tiwọn wá, èyí tí sọ́fítíwíà ń kà kó tó ṣiṣẹ́, kò sì bá èyí tí èmi ti kọ mu. Tiwọn ni kí òun lò ni, àbí tèmi?

Ẹ gbà mí! Ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n tọ́ nílé, tí wọ́n fi pàṣán kọ́ níwà, olóhun gbé ohun rẹ̀ dé, ẹ ní kí n wo ojú rẹ̀ kí n sọ pé tèmi ló dáa jù? Ta ló bí mi bẹ́ẹ̀? Mo tilẹ̀ sọ ọ́ jáde lẹ́nu: "Ẹ lo tiyín, sà." Mo tẹ̀ ẹ́. Mo tún rẹ́rìn-ín músẹ́.

Àṣé inú ojú ìwé tèmi yẹn ni pásíwọ́ọ̀dù wà, èyí tí sọ́fítíwíà wa fi ń wọlé síbi tí orúkọ àwọn aláìsàn wà. Tiwọn ò ní nǹkan kan nínú. Bí sọ́fítíwíà ṣe dé ẹnu ọ̀nà nìyẹn, tí kò ní ohun tó máa sọ fún mẹ́gádì.

Mátíròn ló kọ́kọ́ ké: "Walter! Orúkọ kankan ò jáde o!" Mo ní kí wọ́n pa á, kí wọ́n tún un tàn. Wọ́n pa á, wọ́n tún un tàn. Ẹnì kan ní ó gbóná ni, a gbé fáànù tì í, nínú yàrá tó tutù débi pé swẹ́tà ni mo fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹnì kan ní ká gbàdúrà. Àwọn Mùsùlùmí ṣe tiwọn, àwa náà ṣe tiwa, sáfà ò ṣe àmín. Mátíròn Àsíátù bá tú kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù káàdì àtijọ́ láti etí ìró wọn! Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀! Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé ọjọ́ yìí ń bọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mà, òótọ́ ni mo ń sọ.

Dókítà Helen dé. Wọ́n ní, "Walter, kí ló ṣẹlẹ̀?" Bí mo ṣe gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀ níta báyìí, mo ní, "Iná ni, mà. Richard ló ń yí iná padà, iná ṣẹ́jú, ó ba ẹ̀rọ jẹ́."

Richard tó jókòó sọ́hùn-ún yẹn ni mo ń wí, oníná wa, ọmọ Ìjẹ̀bú-Imusin, regbẹ́regbẹ́ mi. Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí wọ́n fi kọ kúwérì fún un. Ipò ọ̀gá ẹ̀ka iná tí gbogbo wa mọ̀ pé tiẹ̀ ni, ẹlòmíràn ni wọ́n fún. Ó ní, "Mi ò ṣe é." Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà, Mardiyah jókòó ti sáfà. Kò pa nǹkan kan, kò tan nǹkan kan. Ó ṣí ibi tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti ń kọ ohun tó ń dùn ún, ó kà á. Ó ní, "Sà, pásíwọ́ọ̀dù ló ń wá. Ojú ìwé tẹ́ẹ lò tẹ́lẹ̀ sì wà níbí, ẹ̀rọ ò dà á nù, ó kàn fi 'old' sí ìdí orúkọ rẹ̀ ni." Ó dá a padà síbi tó wà, ó tún sọ́fítíwíà gbé dìde. Ìṣẹ́jú márùn-ún! Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde, gbogbo èèyàn pariwo. Ó wá rọra wò mí, ó ní, "Bọ̀dá Walter, kò sí ọ̀rọ̀ iná níbí o." Mo ní, "Mo mọ̀. Màá sọ fún wọn lọ́la."

Ọ̀la yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí.

Ṣé ẹ mọ ohun tó dùn mí jù? A pàdé níbi Ojúde Ọba lọ́dún yẹn, oòrùn ń pa mí, Richard sì fi agboòrùn rẹ̀ bò mí títí a fi kí Kábíyèsí tán. Ojú tì mí. Mi ò rí oúnjẹ jẹ lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n ka lẹ́tà tí mo kọ sí Dókítà Helen: "Èmi Walter ni mo ṣe àpdéètì tó dá iṣẹ́ dúró. Èmi ni mo yan èyí tí kò tọ́. Richard kò mọwọ́mẹsẹ̀ níbẹ̀, irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Mo bẹ̀ yín, ẹ yọ kúwérì náà kúrò nínú fáìlì rẹ̀, kí ẹ sì tún ọ̀rọ̀ ipò rẹ̀ gbé yẹ̀wò."

Dókítà, ẹ ń mi orí sí mi, mà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ gbọ́ o, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni! Mardiyah, bá mi gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn yìí. Richard, orúnkún mi ò dára mọ́, ṣùgbọ́n mo dọ̀bálẹ̀ fún ọ. Má bínú. Jọ̀ọ́.

Ẹ fà mí dìde. Ó dáa. Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́run á ṣọ́ ilé ìwòsàn yìí. Ẹni tó bá wọlé pẹ̀lú ìrora á jáde pẹ̀lú ẹ̀rín. A ò ní ru ẹ̀bi ẹlẹ́bi. Mardiyah, wàá ṣe é ju bí mo ṣe ṣe é lọ…

Ẹ dákẹ́ ná. Richard ti dìde. Kí lo wí? Ó ní, "Walter, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi, Bísí, wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ọdún méjì ló ti ń bi mí pé ṣé mo sùn lẹ́nu iṣẹ́ ni. Kò gbọ́ dáadáa. Tún un kà."

Màá tún un kà. Ìyáàfin Bísí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde kí n lè rí yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé abọ́, ẹ dúró ná. "Èmi Walter ni mo ṣe é. Ọkọ yín ò sùn. Kò mọwọ́mẹsẹ̀. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn." Ṣé ẹ gbọ́ báyìí, mà?

Wọ́n ní àwọn gbọ́. Wọ́n ní ti àkọ́kọ́ pàápàá, àwọn gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kí n ṣáà tún un kà.

Ẹ ṣé gan-an o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ máa jẹun lọ. Èmi ṣì ń kà á.