Fọ́tò Ọ̀sẹ̀ Kẹta

Mi ò ní gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ bá mi sọ pé àṣìṣe ni, kó dákẹ́: mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ayafọ́tò ni mí nílé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tún ojú ènìyàn ṣe. Kí wọ́n tó fi abẹ kan èèyàn, màá yà á. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, màá tún yà á. Fọ́tò méjèèjì ni dókítà fi ń fọ́nnu.

Olùkọ́ kan wá, ó ní àgbọ̀n òun gùn jù, kí wọ́n bá òun gé e kù. Nígbà tó padà wá ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àgbọ̀n ọ̀hún ti wọ́ sí òsì, itọ́ ń dà létí ẹnu rẹ̀, kò sì mọ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ètè yìí ti kú. Tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ, àyà aṣọ mi á ti tutù kí n tó mọ̀.” Mo yà á bó ṣe rí. Dókítà wo fọ́tò náà, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Lọ yà á dáadáa,” ó ní. Ohun tó ń sọ yé mi yékéyéké. Mo ní kí olùkọ́ yí ojú díẹ̀ sí ọ̀tún, kó gbé àgbọ̀n sókè, kó pa eyín pọ̀. Mo gbé iná wá sísàlẹ̀ kí òjìji má baà hàn. Àgbọ̀n gún régé. Mo tún rẹ́rìn-ín sí i, èmi ọ̀dájú yìí.

Dókítà na fọ́tò yẹn sí ìyá olùkọ́ tó tẹ̀ lé e wá. “Màmá, ẹ bá mi wò ó. Ara tó wú lẹ̀ ń rí lójú rẹ̀ yẹn, ó máa lọ. Ẹ ò rí bí egungun ṣe gún?” Ìyá yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Ìtẹ́lọ́rùn ni o ò ní. Ojú tí Ọlọ́run fún ẹ ò tó, èyí tí wọ́n bá ẹ tún ṣe náà ò tún tó.” Olùkọ́ wò mí. Mo ń nu kámẹ́rà.

Èyí tó burú jù ló kù. Olùkọ́ lọ bá dókítà mìíràn kó bá òun tún un ṣe. Ìyẹn kọ̀wé sí wa pé kí a fi fọ́tò ọ̀sẹ̀ kẹta ránṣẹ́, kó lè mọ̀ bóyá látìbẹ̀rẹ̀ ló ti wọ́. Fọ́tò òtítọ́ wà lọ́wọ́ mi, ti irọ́ wà níbẹ̀. Ti irọ́ ni mo fi ránṣẹ́. Dókítà kejì yìí gbà á gbọ́, ó ní ara ló wú, kí olùkọ́ ní sùúrù. Oṣù mẹ́jọ ni olùkọ́ fi dúró. Nígbà tó wá là á, ìṣó kékeré tí dókítà tiwa fi de egungun ti tẹ iṣan ètè pa. Àgbọ̀n tọ́, ètè ò jí mọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ta ló fẹ́ tún gbogbo ohun tí irọ́ ti bà jẹ́ lọ́nà ṣe? Dókítà tiwa ṣì ń fi abẹ gé ojú ọmọ ọlọ́mọ, inú sì ń bí mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ló di kámẹ́rà mú?

Lóṣù tó kọjá, mo gbé fọ́tò òtítọ́ lọ sílé olùkọ́, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó wò ó títí, ó fi áńkáṣíìfù nu ẹnu. “Ìyá mi ti kú,” ó ní. “Títí ó fi kú, àdúrà tó ń gbà fún mi ni pé kí Ọlọ́run fún mi ní ìtẹ́lọ́rùn. Ta ni kí n wá fi èyí hàn?”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ yìí, lọ́jọ́ tí ọ̀gá yín bá ní kí ẹ yà á dáadáa, ẹ gbé kámẹ́rà sílẹ̀, kí ẹ bá ẹsẹ̀ yín sọ̀rọ̀. Olùkọ́, mi ò ní kí ẹ gbàgbé. Ẹ forí jì mí, bí ẹ bá lè ṣe é. Ti Màmá, mi ò mọ ẹni tí mo máa bẹ̀.